Ẹ̀dà Ìpamọ́ Àtijọ́ Kò Ní Ṣí Bẹ́ẹ̀ Yẹn

"Ṣebí ẹ̀dà ìpamọ́ wà nílẹ̀? Ẹ gbé ẹ̀yà tuntun sórí ẹ̀rọ, ẹ da ẹ̀dà náà lé e, ó parí." Ọ̀rọ̀ yìí ló wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bójú tó sáfà dátábéèsì, àwọn ọ̀gá tó ń sanwó fún wọn náà sì ti gbà á gbọ́. Irọ́ ni, pàápàá fún ẹni tó ń lo PostgreSQL.

Ohun méjì ni wọ́n ń fi orúkọ kan, ẹ̀dà ìpamọ́, pè. pg_basebackup a máa da àwọn fáìlì dátábéèsì kọ bí wọ́n ṣe wà lórí díìsìkì gẹ́lẹ́. pg_dump ní tirẹ̀ a máa kọ àṣẹ SQL sílẹ̀: ẹ dá tábìlì báyìí sílẹ̀, ẹ kó àwọn ìlà wọ̀nyí sínú rẹ̀. Èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Ta ló ń sin òkú sínú èèpo ẹ̀pà?

Ẹ̀dà ti pg_basebackup, ẹ̀yà tó ṣe é nìkan ló lè kà á. Fáìlì kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ PG_VERSION. Bí 12 bá wà níbẹ̀, tí ẹ fi ẹ̀yà 16 tan án, sáfà á kọ̀ jálẹ̀, á sì sọ ìdí tó fi kọ̀. Ẹni tó bá gbọ́n àgbọ́njù, tó pa 12 rẹ́ tó kọ 16 síbẹ̀, á tún bá nọ́ńbà mìíràn pàdé nínú pg_control. (Ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí tábìlì tí sáfà fi ń mọ ohun tó wà nínú ara rẹ̀ ti yí padà láàárín ẹ̀yà méjèèjì.)

Wọ́n á fèsì pé: "Àwa gbé e láti 12.3 lọ sí 12.9, kò sí wàhálà." Báwo ni wàhálà ṣe máa wà? Orí 12 náà ni ẹ ṣì wà. Láti ẹ̀yà 10, tó jáde ní 2017, nọ́ńbà tó ṣáájú nìkan ló ń sọ ẹ̀yà ńlá. Kó tó dìgbà náà, 9.5 kò jọ 9.6. Àṣeyọrí kékeré yẹn ló ń tan èèyàn jẹ jù.

Àwọn mìíràn á mú SQL Server wá. Lóòótọ́, a máa gba ẹ̀dà láti ọwọ́ àwọn ẹ̀yà tó ṣáájú rẹ̀, á sì tún un ṣe fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í gba ti ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ló kan PostgreSQL nínú ìyẹn?

Nígbà tí sáfà àtijọ́ ṣì wà láàyè ni kí ẹ kó dátábéèsì lọ sórí ẹ̀yà tuntun. pg_dump ti ẹ̀yà tuntun ni kí ẹ fi ka sáfà àtijọ́, kí ẹ sì fi pg_dumpall kó orúkọ àwọn aṣàmúlò, torí pg_dump kì í kó wọn. pg_upgrade náà wà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ètò ẹ̀yà méjèèjì wà lórí ẹ̀rọ.

Bí sáfà bá ti kú, tó jẹ́ ẹ̀dà fáìlì nìkan ló kù, ẹ̀yà 12 gan-an lẹ máa wá kiri, ẹ̀yà tí wọn ò ṣàtúnṣe rẹ̀ mọ́ láti 2024, kí ẹ tó lè ṣí i.

Ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú sáfà yín léèrè lónìí: irú ẹ̀dà wo la ní, ẹ̀yà wo ló ṣe é? Bó bá ní "ẹ̀dà ṣáà ni", ẹ má jẹ́ kó pa sáfà àtijọ́.