Bí Ọmọ Bá Fi Yunifásítì Sílẹ̀, Kí Ni Ká Ṣe sí Owó Ilé?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kò dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó ti wọ inú ìwé ìṣirò ẹgbẹ́, a kò sì lè dákẹ́ mọ́.

Ọ̀kan nínú wa, ìyá tó ń ta gàrí, yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi gba yàrá fún ọmọ rẹ̀ tó wọ yunifásítì. Owó ọdún kan gbáko ló san. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin péré, ọmọ padà wálé, ó ní òun kò lọ mọ́. Ìyá kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí aráyé má baà fi òun ṣẹ̀sín. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò ọmọ, bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò wà nínú yàrá, onílé kò mọ nǹkan kan. Ìgbà tí owó ẹgbẹ́ kò wọlé mọ́, tí a ránṣẹ́ pe onídùúró rẹ̀, ni a tó gbọ́. Nígbà náà, ọdún ti yí po, onílé sì ti ń béèrè owó ọdún kejì.

A kò bá ìyá náà jà, a kò sì bá ọmọ jà. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń mú ọmọ kúrò nílé-ẹ̀kọ́: àìsàn, àìlówó, ẹ̀kọ́ tí kò bá a lára mu. Àwa tí a wà létí ẹnubodè níbí, ní Àgọ́ṣáṣá, mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìjọba ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Ti Ìdíìrókò kò ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ẹni tí ọjà rẹ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀, níbo ni yóò ti rí owó ilé-ẹ̀kọ́? Ní ọdún 2022 náà, àwọn olùkọ́ ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì di oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ! Ọmọ ń bẹ nílé, owó yàrá ń jó lọ bí àbẹ́là.

Nítorí náà, kì í ṣe pé ọmọ kúrò ni à ń bá wí. Ìdákẹ́ ni à ń bá wí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní owó yàrá jẹ́ ₦120,000 lọ́dún. Oṣù kan jẹ́ ₦10,000. Bí ọmọ bá kúrò lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ₦80,000 ṣì wà nínú yàrá yẹn. Bí ẹ bá fi ìtìjú dákẹ́ fún oṣù mẹ́fà sí i, ó ku ₦20,000. Ta ló jẹ ìyókù? Ìtìjú ni.

Òótọ́ ni pé ẹni tó gba ilé fún ọdún kan kò lè fi tipátipá gba owó padà, àfi tí àdéhùn bá sọ bẹ́ẹ̀. Owó ejẹ́ǹtì àti owó àgíríméǹtì náà ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ọ̀nà tó dára jù ni arọ́pò. Ní Ìlaròó, ní Ayétòrò, ní Àgọ́-Ìwòyè, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé ìgboro. Ẹni tó ń wá yàrá kì í wọ́n. Ẹ lọ bá onílé lójúkojú, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn wá tí yóò san owó oṣù tó kù fún yín. Ẹ má mú ẹnikẹ́ni wọlé lẹ́yìn onílé o! Bí ẹni náà bá ba nǹkan jẹ́, orúkọ tó wà lórí rìsíìtì ni wọn yóò pè. Bí onílé bá gbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ san owó iná, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà níwájú ẹlẹ́rìí, ẹ sì béèrè owó kọ́ṣọ̀n yín.

Bí arọ́pò kò bá sí ńkọ́? Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ fún onílé ní ìwé pé ẹ ń lọ. Ẹni tó ń gba ilé lọ́dọọdún, ìwé oṣù mẹ́fà ni òfin mọ̀, bí wọn kò bá ti fẹnu kò sí òmíràn. Ẹni tó bá dákẹ́ tí ẹrù rẹ̀ sì wà nínú yàrá, onílé lè sọ pé ọdún tuntun ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin onílé tó wà nínú ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. A mọ̀ pé ẹlòmíràn fi gbèsè kọ́lé. Ṣùgbọ́n kí a gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó lọ, kí a tún gba ti oṣù kan náà lọ́wọ́ ẹni tó dé, ṣé ó dára? Ẹ má sì kó ẹrù ọmọ jù síta láìgba ilé ẹjọ́. Ní ọdún 1986, nínú ẹjọ́ Ojukwu àti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa bá ìjọba pàápàá wí pé ó fi agbára lé ènìyàn jáde.

Ohun tí àwa rò nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó ilé fún ọmọ, kó kọ́kọ́ mú ìwé àdéhùn wá kí ìgbìmọ̀ rí i, kí ọ̀rọ̀ arọ́pò sì wà nínú rẹ̀. Bí onílé bá lè gba owó oṣù mẹ́fà, kí a san oṣù mẹ́fà. Bí ọmọ bá kúrò, kí òbí sọ fún akọ̀wé láàrin oṣù kan, kí a lè tún ètò ìsanpadà ṣe kó tó dé ọrùn onídùúró. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọmọ lè fi yunifásítì sílẹ̀, gbèsè ẹgbẹ́ kì í fi ìwé ìṣirò sílẹ̀.

Ní ti ìyá yẹn, ẹni méjì nínú wa tẹ̀ lé e lọ bẹ onílé. Ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó sì fi owó ọdún kejì jì wọ́n. Ti ọdún kìíní ti lọ. Ìyá ń san gbèsè díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ó sì ń dá sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n tètè sọ̀rọ̀ ni, ẹrù yẹn ì bá fúyẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ọjà á tà o.