"Ó Kọjá Òye" Kì í Ṣe Ìdáhùn

Bí ọmọ bá bi àgbà léèrè pé níbo ni oǹkà parí sí, èsì ọ̀pọ̀ wa ni pé, "Jókòó jẹ́ẹ́, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀yẹn." A ó sì rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run la fi kọ́ ọmọ. Irọ́ ni! Ọ̀lẹ la kọ́ ọ. Oǹkà kò parí síbì kankan: iyekíye tí ẹ bá dárúkọ, ẹ fi ọ̀kan kún un. Èyí kò gba wòlíì.

Bí gbogbo ará ìjọ bá jókòó, tí àga kan kò ṣófo, tí ẹnikẹ́ni kò sì dúró, a mọ̀ pé èèyàn àti àga dọ́gba láìkà wọ́n. Ó dáa. Ẹ fi 1 ti 2, ẹ fi 2 ti 4, ẹ fi 3 ti 6, kí ẹ máa bá a lọ. Kò sí èyí tí kò ní rí ẹnì kejì. Àṣé 2, 4, 6 àti àwọn ará wọn kò kéré sí gbogbo nọ́ńbà! Galileo kọ nípa irú àràmàǹdà yìí ní ọdún 1638, ó sì ní a kò lè pe àìlópin kan ní ńlá, ká pe òmíràn ní kékeré. Ibẹ̀ ló bá a dé.

Georg Cantor, olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì Halle ní Jámánì, kò dúró síbẹ̀. Ní 1874 ó fi hàn pé àìlópin kan ju òmíràn lọ. Ọ̀nà tó rọrùn jù ló mú wá ní 1891. Ká ní ẹnì kan ní òun ti to gbogbo nọ́ńbà dẹ́símà tó wà láàárín 0 àti 1 sínú ìwé. Ẹ kọ tiyín: kí fígọ̀ kìíní rẹ̀ yàtọ̀ sí fígọ̀ kìíní nọ́ńbà àkọ́kọ́, kí ìkejì yàtọ̀ sí ìkejì nọ́ńbà kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà yín kò lè sí nínú ìwé rẹ̀ láé! 1, 2, 3 kò lópin, ṣùgbọ́n wọ́n ṣeé tò. Àwọn wọ̀nyí kò ṣeé tò rárá: àìlóǹkà gidi nìyẹn.

Kronecker, ògbóǹtarìgì onímọ̀ ìṣirò ní Berlin, ta ko Cantor gidigidi. Kádínà Franzelin náà bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ yìí lè mú èèyàn da Ẹlẹ́dàá pọ̀ mọ́ ẹ̀dá. Cantor, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́, kọ̀wé sí i pé Àìlópin tó ga ju gbogbo nọ́ńbà lọ, ti Ọlọ́run nìkan ni. Ní 1886 Kádínà gbà pé kò séwu níbẹ̀ fún ẹ̀sìn.

Bí Kádínà bá lè gbọ́ àlàyé kó rọ̀, kí ló dé tí àwa fi ń fi orúkọ Ọlọ́run dí ọmọ lẹ́nu? Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ má parọ́ mọ́ Ọlọ́run.