Ẹ Kọ Orúkọ Alága Síta

Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà, tí gbogbo ayé ń pè ní NBA, ní ẹ̀ka ní Ìkìrun, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ bi ẹni mẹ́wàá lọ́jà Inísà tàbí Òkukù, bóyá ni ẹ máa rí ẹnì kan tó mọ̀. Orí rédíò ni wọ́n ti ń gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà, nígbà tí ààrẹ rẹ̀ bá ń bá ìjọba wí ní Àbújá. Mi ò dá aráàlú lẹ́bi. Ta ló sọ fún wọn?

Ẹgbẹ́ yìí ti pẹ́. Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Sàró, tó kọ́kọ́ di agbẹjọ́rò nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà ní 1879, ló ṣe alága rẹ̀ láti 1900 títí di 1915. Àwọn agbẹjọ́rò ló kó ara wọn jọ, ìjọba kọ́ ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí ìpàdé gbogboogbò wọn tú ká ní Port Harcourt ní 1992, láyé ológun, ẹgbẹ́ kò ní olórí gidi lókè mọ́ títí di 1998. Àwọn ẹ̀ka ló gbé e ró ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ìdí nìyí tí ojú mi fi wà lára Ìkìrun ju Àbújá lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé lọ́yà gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀, ó sì fi ṣe tara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbé e fún Ọlọ́run, nítorí wọ́n gbà pé kò sẹ́ni tó lè mú lọ́yà. Irọ́ ni. Ìgbìmọ̀ kan wà tó ń bá agbẹjọ́rò wí. Ó lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó sì lè ní kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò pátápátá. Ìlànà ìgbìmọ̀ náà ka alága ẹ̀ka mọ́ àwọn tí èèyàn lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí. Ẹni tó wà ní Òkukù kò nílò ọkọ̀ Àbújá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ nípa òǹtẹ̀ ẹgbẹ́. Ìwé tí lọ́yà bá kọ gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ tó ní orúkọ rẹ̀ lára. Ẹni tó mọ èyí kò ní tètè bọ́ sọ́wọ́ ayédèrú lọ́yà.

Mo mọ̀ pé inú àwọn kan nínú ẹgbẹ́ kò ní dùn sí ohun tí mò ń wí. Wọ́n á ní ṣé kí àwọn máa pe ẹjọ́ wá sórí ara àwọn ni. Ṣùgbọ́n bí alátà bá fi òṣùwọ̀n èké tà, gbogbo ọjà ló mọ ìsọ̀ Ìyálọ́jà tí wọ́n máa gbé ẹjọ́ lọ. Ní Ìkìrun tí ọ̀rọ̀ oyè Akìnrun, ọba ìlú náà, fúnra rẹ̀ ti dé kóòtù, ọ̀rọ̀ lọ́yà kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni mọ́.

Òfin ní kí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá owó àṣẹ iṣẹ́ tí agbẹjọ́rò ń san lọ́dọọdún wọ àpò ẹgbẹ́. Kò lè ṣòro láti yọ owó pátákó kan níbẹ̀. Kí wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà kóòtù, kí wọ́n kọ orúkọ alága sí i, pẹ̀lú ibi tó ti ń gba ìwé ẹ̀sùn àti àwòrán òǹtẹ̀. Kí wọ́n sì fi Yorùbá kọ ọ́.