Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́: Kí oníṣòwò kékeré bèèrè ibi tí ọ̀fẹ́ parí sí

Lọ́jà Yorùbá, owó ni wọ́n fi ń ra ọjà, ọ̀fẹ́ ni ènì. Àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà, ìyẹn ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ti yí i po: ọjà gan-an ni wọ́n fi ń tọrẹ, ènì ni wọ́n ń tà. Open core ni wọ́n ń pe irú òwò bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò kékeré tí àwọn ọmọ ń rọ̀ pé kó gbé ìwé ọjà àti ìwé gbèsè rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà lè bá a pàdé.

Ẹ wo Odoo, tí Fabien Pinckaers, ọmọ ilẹ̀ Belgium, bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ní 2015, ilé-iṣẹ́ náà pín in sí méjì. Ẹnikẹ́ni lè gba ẹ̀ka ọ̀fẹ́, kó tú inú rẹ̀ wò, kó sì tún un ṣe. Ó ń ka ọjà tó kù nílẹ̀, ó sì ń kọ ìwé owó fún oníbàárà. Àmọ́ ìṣírò owó tó kún, èyí tó ń fi èrè àti àdánù hàn lópin ọdún, inú ẹ̀ka olówó ló wà, iye èèyàn tó bá ń lò ó ni wọ́n sì fi ń gbowó. Àwọn olùyọ̀ǹda ń ṣe àfikún ọ̀fẹ́ láti dí àlàfo yìí, ṣùgbọ́n onímọ̀ tí yóò tò ó pọ̀ yóò gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Èyí kì í ṣe ẹ̀tàn. Ẹni tó ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹun, owó tí àwọn ńlá ń san ló sì ń tọ́jú èyí tí àwọn kékeré ń lò. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ti ṣí sílẹ̀ kì í bá olówó rẹ̀ lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Sun ra MySQL, àká àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà, ní 2008, tí Oracle tún fẹ́ ra Sun, Michael Widenius tó wà lára àwọn tó dá MySQL sílẹ̀ mú apá tó ṣí sílẹ̀ ní 2009, ó fi ṣe MariaDB. Títí di òní, ọ̀fẹ́ ni.

Ibi tí ewu wà ni ààlà. Ilé-iṣẹ́ tó ni sọ́fítíwíà ló ń pinnu ibi tí ọ̀fẹ́ dé. Ilẹ̀ tó ti yọ̀ǹda kò ṣe é gbà padà, ṣùgbọ́n ó lè ṣọgbà yí oko tuntun tó bá dá ká. Oníṣòwò tó ti kó gbèsè oníbàárà ọdún mẹ́ta síbẹ̀ kò ní ẹnu láti ná ọjà mọ́.

Nítorí náà, kó tó gbà á, kó bèèrè nǹkan mẹ́ta. Ṣé iṣẹ́ tí òun ń ṣe lójoojúmọ́ wà nínú apá ọ̀fẹ́? Èló ni òun máa san bí òun bá gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́? Ṣé òun lè kó àkọsílẹ̀ òun jáde lọ́jọ́ tí òun bá fẹ́ lọ? Bí iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ bá wà lápá olówó, kó pè é ní ọjà olówó, kó sì fi iye rẹ̀ wé ti ẹlòmíràn. Bí àkọsílẹ̀ kò bá sì ṣe é kó jáde, ìwé inú dúrọ́ọ̀ sàn jù ú lọ. Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.