Ẹ̀sùn Lórí Ìbò Maryland, 1861 sí 1864

Àwọn ológun Ìjọba Àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó wà ní Maryland nígbà ogun abẹ́lé ni a fẹ̀sùn kàn, àti àwọn òṣèlú tó sá sábẹ́ ìbọn wọn dé orí ipò, àti Ààrẹ Abraham Lincoln tí gbogbo rẹ̀ ń dé etígbọ̀ọ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ ẹlẹ́rú ni Maryland, ààlà Àríwá àti Gúúsù ló wà, kò sì kúrò lára Amẹ́ríkà. Bí àwọn aláṣẹ ṣe dì í mú nígbà ìdìbò ni ẹjọ́ wà.

Ẹ̀sùn kìíní: wọ́n ti àwọn tí aráàlú yàn mọ́lé láìgbé wọn dé iwájú adájọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 1861, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà, wọ́n sì mú George William Brown, olórí ìlú Baltimore. Brown yìí ló rìn níwájú àwọn ọmọ ogun Massachusetts lọ́jọ́ 19 oṣù kẹrin, nígbà tí àwọn jàǹdùkú ń sọ wọ́n lókò. Lóòótọ́, ó lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe sun àwọn afárá ojú irin lẹ́yìn ìjà náà. Ṣé ìdí nìyẹn tí ó fi lo ọdún kan àti oṣù méjì ní àtìmọ́lé láìjẹ́jọ́? Frank Key Howard, olóòtú ìwé ìròyìn, bá ara rẹ̀ nínú Fort McHenry, odi tí bàbá tó bí ìyá rẹ̀ tìtorí rẹ̀ kọ orin tó di orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Ẹ̀sùn kejì: wọ́n kó ìbọn wá síbi tí wọn ò ti nílò rẹ̀. Kí ìbò gómìnà oṣù kọkànlá 1861 tó dé, Ọ̀gágun John Dix pàṣẹ pé kí wọ́n mú àwọn tó ti bá ọlọ̀tẹ̀ jagun bí wọ́n bá yọjú síbùdó ìdìbò. Augustus Bradford, ẹni tó dúró ti Ìjọba Àpapọ̀, ní ìbò 57,502. Alátakò rẹ̀ ní 26,070. Ẹni tó lé ìlọ́po méjì, kí ló ń bẹ̀rù? Èso àṣẹ náà ni pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè sọ pé ayédèrú ni ìbò náà.

Ẹ̀sùn kẹta: wọ́n lu adájọ́ lórí àga ìdájọ́. Richard Bennett Carmichael ti sọ fún àwọn ìgbìmọ̀ afẹ̀sùnkanni pé kí wọ́n gbé ẹni tó bá mú aráàlú láìbófinmu lọ sílé ẹjọ́. Lọ́jọ́ 27 oṣù karùn-ún 1862, àwọn ológun wọ ilé ẹjọ́ ní Easton, wọ́n fi ìdí ìbọn fọ́ orí rẹ̀, wọ́n sì wọ́ ọ jáde. Ó tó bí oṣù mẹ́fà kó tó gba ìtúsílẹ̀. Ẹjọ́ kankan ò wáyé.

Ẹ̀sùn kẹrin ló wúwo jù. Ní oṣù kẹwàá 1863, Ọ̀gágun Robert Schenck gbé Àṣẹ 53 jáde: kí ológun wà níbùdó ìdìbò, kí ẹni tí wọ́n bá fura sí sì búra ìdúróṣinṣin kó tó dìbò. Ta ni wọ́n ń fura sí? Ìbò ọdún náà, àwọn tó fẹ́ràn Ìjọba Àpapọ̀ ló ń bá ara wọn du ipò: ìdajì fẹ́ kí oko ẹrú parí kíá, ìdajì ní kí wọ́n ṣe é ní sùúrù. Gómìnà Bradford fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí Lincoln pé ohun tí wọ́n ń ṣe kò dára. Ààrẹ tún apá kan àṣẹ náà ṣe, ó fi ìyókù sílẹ̀. Nígbà tí gómìnà sì fẹ́ bá àwọn ará ìlú rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ìwé ìkéde, Schenck gbìyànjú láti dènà títẹ̀ rẹ̀. Bradford yìí kan náà ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ Gúúsù dáná sun ilé rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀sùn karùn-ún: wọ́n pa àṣẹ náà dà di irinṣẹ́ ìpolongo. Ní Chestertown, ọ̀gá ológun kan kéde pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ìjọba mọ̀ sí olóòótọ́, ó sì kó àwọn èèyàn pàtàkì ìlú lọ sí Baltimore. Ní Princess Anne, wọ́n mú àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò fúnra wọn. Ibẹ̀ ni ìlú John Crisfield, ẹni tó ti bá Lincoln jókòó nílé aṣòfin àpapọ̀ rí. Ó pàdánù àga rẹ̀.

Ẹ̀sùn kẹfà: ní 1864, wọ́n fi ìwé òfin tuntun tó fòpin sí oko ẹrú síwájú ará ìlú. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ló sọ ẹni tó lè dìbò lé e, pẹ̀lú ìbúra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì di òfin. Nílé, 27,541 gbà á, 29,536 kọ̀ ọ́. Ìbò àwọn ọmọ ogun láti àgọ́ ló gbé e wọlé pẹ̀lú ìyàtọ̀ ìbò 375 péré.

Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiwọn. Maryland ló yí Washington ká lápá mẹ́ta. Bí ó bá bọ́, olú-ìlú ti bọ́. Àwíjàre yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹrin 1861. Ní oṣù kọkànlá 1863, lẹ́yìn tí ogun Gúúsù ti fìdí rẹmi ní Gettysburg, tí àwọn olùdíje ìhà méjèèjì sì jẹ́ ti Ìjọba Àpapọ̀, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́.

Ẹ̀sùn keje kan olùfisùn àti olùjẹ́jọ́ pa pọ̀. Nínú ìkànìyàn 1860, aláwọ̀ dúdú 87,189 ló wà lóko ẹrú ní Maryland, 83,942 sì jẹ́ òmìnira. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dìbò. Bradford tó ń ké pé wọ́n gba ẹ̀tọ́ aráàlú kò kà wọ́n mọ́ aráàlú; ìwé òfin tó dá wọn sílẹ̀ pàápàá fi ìbò sílẹ̀ fún àwọn funfun nìkan. Ní 1867, àwọn tó tako ìwé òfin yẹn kọ òmíràn, wọ́n sọ ìbúra nù, ìbò sì tún wà lọ́wọ́ àwọn funfun. Àtúnṣe kẹẹ̀ẹ́dógún òfin àpapọ̀, ní 1870, ló ṣílẹ̀kùn. Maryland kò fọwọ́ sí i títí di 1973.

Òmìnira àwọn ẹrú tọ́ sí wọn, kò sí ẹni tí a ní láti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí kò sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà di ọ̀nà rere, nítorí ọ̀nà mìíràn wà. Títí ogun fi parí, ọkùnrin dúdú 8,718 láti Maryland ló wọṣẹ́ ológun fún Ìjọba Àpapọ̀. Ẹni tó ń wá ìbò olóòótọ́ tó fi ń lu adájọ́, tó ń ti olóòtú mọ́lé, tó sì ń kó òṣìṣẹ́ ìdìbò lọ, ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìbò bẹ́ẹ̀ nínú àgọ́ rẹ̀. Ó fún wọn ní ìbọn, ó fi ìwé ìbò dù wọ́n. Ẹ̀bi rẹ̀ nìyẹn.