Ta Ni Yóò Bọ́ Àgbẹ̀ Lọ́jọ́ Alẹ́?



Nígbà tí a ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ẹ̀kọ́, baba wa a máa wí pé ẹsẹ̀ tí ń sáré lónìí yóò jókòó lọ́la. Òtítọ́ ni. Teslim Balogun, tí ó lọ gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1955, kò fi ẹsẹ̀ jẹun títí ayé; iṣẹ́ olùkọ́ni ni ó ṣe lẹ́yìn eré. Ní ti òṣìṣẹ́ olówó oṣù, òfin ọdún 2014 pàṣẹ pé kí ọ̀gá rẹ̀ dá ìdá 10 nínú 100, kí òun dá 8, nítorí ìfẹ̀yìntì. Àgbẹ̀ ńkọ́? Nínú ètò tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún irú wọn ní 2019, òun nìkan ni yóò máa dá owó.

A mọ̀ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n ọmọ ti lọ sí ìlú ńlá, òun pàápàá ń wá iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni owó kòkó wà lára ohun tí a fi kọ́ ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn láti 1955.

A kò tọrọ àánú. Bí àgbẹ̀ bá dá náírà kan, kí ìjọba fi náírà kan lé e. Ẹni tí ó bọ́ ìlú kò gbọdọ̀ febi sùn lọ́jọ́ alẹ́.