Káàdì Aláìsàn

Ní oṣù Keje ọdún 2014 tí àrùn Ebola wọ Èkó, tí wọ́n ń tọ́jú àwọn tó kó o ní Yábàá tí kò jìnnà sí Ìwáyà wa, àkọsílẹ̀ ni a fi rí ẹ̀yìn rẹ̀: a kọ orúkọ àwọn tó súnmọ́ aláìsàn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900, a sì ń yẹ ìgbóná ara wọn wò fún ọjọ́ 21. Kí ló wá dé tí aboyún tó bá pààrọ̀ ilé ìwòsàn fi ń gba káàdì tuntun, tí nọ́ọ̀sì yóò máa bi í, lórí ìrọbí, pé irú ẹ̀jẹ̀ wo ló ní? Ọ̀rọ̀ yìí kọjá káàdì lásán; ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Kí ìjọba fi kọ̀ǹpútà so àwọn ilé ìwòsàn pọ̀, kí àkọsílẹ̀ aláìsàn lè máa tẹ̀lé e. Ẹni tó bá sì tú àṣírí aláìsàn, òfin ààbò àkọsílẹ̀ ọdún 2023 ń dúró dè é.